Ọ̀rọ̀ Anini: èwo lòótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ?

Ọmọ Òróki:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ní ìdí ìwé ìròyìn ní Ọláìyá, wọ́n ní Anini, ọ̀gá adigunjalè ìlú Benin ayé ọjọ́un, ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn pa ní Bar Beach, etíkun Èkó, wọ́n tún ní ìbọn kì í ràn án. Ètò rédíò ni mo fẹ́ fi ṣe níbí ní Òṣogbo, mi ò fẹ́ gbé irọ́ sórí afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Òkè-Fìà:
Wọ́n ti lu ìtàn pọ̀ mọ́ra wọn ni. Babátúndé Fọlọ́runṣọ́ wà lára àwọn adigunjalè tí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn pa ní Bar Beach, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1971. Ìṣọ̀lá Oyènúsì tí wọ́n ń pè ní Dókítà tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. Anini kò débẹ̀ rárá. Benin ni wọ́n ti pa á, ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1987.

Akọ̀wé Ìgbóǹnà:
Ti oògùn ayẹta yẹn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣètò, ti ọlọ́pàá tó wà nídìí ẹ̀ ni. Awakọ̀ ni Anini ní gáréèjì Benin. Àwọn olè ń gbà á kó máa wà wọ́n, kó tó di pé òun náà dọ̀gá. George Iyamu, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, ló ń fún wọn níbọn, òun náà ló ń ta wọ́n lólobó. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé yóò ba ẹ̀rí jẹ́ fún méjì nínú ọmọ ẹ̀yìn Anini tọ́wọ́ tẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣì gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́. Anini ní wọ́n dalẹ̀ òun, ló bá kọjú ìbọn sí ọlọ́pàá láti oṣù kẹjọ 1986. Ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, wọ́n yìnbọn lu Casmir Akagbosu, kọmíṣánnà ọlọ́pàá Bendel. Ó fara gbọgbẹ́, kò kú.

Ní ti ayẹta: ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, ikọ̀ ọlọ́pàá tí Kayode Uanreroro ṣáájú kan ilẹ̀kùn ilé kan ní òpópónà Oyemwosa. Anini fúnra rẹ̀ ló jáde. Wọ́n bi í pé Anini dà, ó ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá, ó sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn yọ. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti jẹ́jọ́. Ẹ wo ayẹta!

Lọ́yà Ògo-Olúwa:
Ẹ má gbàgbé òfin. Oṣù mẹ́rin kò pé láti ìgbà tọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ dìgbà tí wọ́n pa á. Lábẹ́ òfin ológun nọ́ńbà 5 ti 1984, kò sí kòtẹ́mi-lọ́rùn fún adigunjalè. Bí gómìnà ológun bá ti fọwọ́ sí ìdájọ́, ó parí. Adájọ́ James Omo-Agege ló dá ẹjọ́ náà. Lónìí, ẹni tí wọ́n bá dájọ́ ikú fún lè gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Ọmọ Òróki:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Iyamu ńkọ́?

Akọ̀wé Ìgbóǹnà:
Wọ́n yìnbọn pa òun náà, òun àti Monday Osunbor, igbákejì Anini. Ẹ má sì pe ìpínlẹ̀ tí Benin wà ní Edo lórí rédíò: Bendel ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá Edo àti Ọ̀ṣun tiwa sílẹ̀, 27 oṣù kẹjọ 1991.