Ọta wo ló yẹ fún ilé, èwo fún oko, èwo fún àbúrò mi ní Houston?

Ọmọ Ajílété (Masífà, Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní dọbu-bárẹ̀lì 12 (ìbọn ẹlẹ́nu méjì, 12 ni ìwọ̀n ẹnu rẹ̀), ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Oko kajú wa wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ilé sì wà ní Masífà, níbi tí yàrá fara ti yàrá. Katiríìjì wo ni kí n máa rà? Àbúrò mi ní Houston ra ìbọn ìléwọ́ 9mm, òun náà ń béèrè ọta. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n wá ìbọn ìléwọ́ tèmi, torí ó fúyẹ́.

Lọ́yà Tákìẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé ti ìbọn ìléwọ́. Òfin ìbọn 1959 kà á mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀, àfi bí Ààrẹ fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Èyí tó ní ìwé lọ́wọ́ yín, ẹ dúró tì í.

Ṣójà Fẹ̀yìntì (Ọ̀yọ́): Kí àbúrò rẹ kọ́kọ́ wo ìwé tó fi ń gbé Amẹ́ríkà. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta, àyàfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní green card lè ní i.

Bí ìyẹn bá ti dúró, kó ra oríṣi méjì. FMJ, tí bàbà bo òjé rẹ̀ dé orí, ni kó fi máa kọ́ṣẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Hollow point ni kó fi sílé àti èyí tó ń gbé sí ìbàdí. Orí rẹ̀ ní ihò. Bó bá wọ ara, á fẹ̀, eré rẹ̀ á dín kù, kò sì ní tètè gba ara ẹni náà jáde lọ bá ẹlòmíì. FBI máa ń yìn ín sínú gelatin, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹran ara, wọ́n sì fẹ́ kó wọlé tó ínṣì 12 sí 18. Ṣùgbọ́n ògiri inú ilé wọn lọ́hùn-ún fẹ́lẹ́, hollow point pàápàá ń là á kọjá. Kó yin èyí tó bá rà nínú ìbọn rẹ̀ gan-an kó tó gbẹ́kẹ̀ lé e, torí ó máa ń há sínú ìbọn mìíràn. Bó bá ń lọ sí ìpínlẹ̀ New Jersey, kó fi hollow point sílé. Òfin ibẹ̀ le lórí rẹ̀.

Bàbá Ọdẹ Oríire: Ọmọ mi, ti oko kò le. Ọ̀yà àti àparò, ọta wẹ́wẹ́. Túùkú, buckshot 00, ìyẹn ọta ńlá. Mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú katiríìjì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ju 8mm lọ.

Ti ilé ni kí o fara balẹ̀ sí. Ọta ńlá yẹn á la ilẹ̀kùn pákó àti fèrèsé onígíláàsì kọjá, á bọ́ sí yàrá alámùúlégbè. Wo ibi tí ìyàwó àtàwọn ọmọ ń sùn, kí o tó mọ ibi tí ẹnu ìbọn lè kọjú sí. Nílé bíi tìrẹ, ọta wẹ́wẹ́ ni mo fara mọ́. Kì í wọlé jinlẹ̀ bíi ti ńlá, àmọ́ nínú yàrá, ó ń pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdẹ́rùbà lásán ni.

Ṣí ìbọn náà, wo abẹ́ irin rẹ̀. Wàá rí 65 tàbí 70, gígùn katiríìjì tó lè gbà nìyẹn, ní mìlímítà. Má ki 76 sínú 70. Á wọlé o, ṣùgbọ́n bí o bá yìn ín, ẹnu katiríìjì náà kò ní ráyè ṣí tán, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ ju ohun tí irin náà lè gbà lọ.

Ìyá Oníkajú: Ẹ ti fi tó àwọn Àmọ̀tẹ́kùn létí pé ẹ ní oko lọ́nà ibẹ̀? Ẹ ṣe ìyẹn náà.

Ọmọ Ajílété: Ẹ ṣé o. Mo wò ó, 70 ni. Mo bá katiríìjì oníyẹ́lò kan nínú àpótí, ó tín-ín-rín ju àwọn yòókù.

Bàbá Ọdẹ Oríire: Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lónìí! Ti ìbọn 20 nìyẹn, tí ẹnu rẹ̀ kéré ju ti 12 lọ. Bó bá bọ́ sínú 12, á yọ̀ wọnú irin, á há síbẹ̀. Wàá rò pé inú ìbọn ṣófo, wàá ki 12 tẹ̀lé e, bí o bá sì yìn ín, ibi tí ọwọ́ òsì rẹ dì mú gan-an ni irin náà á ti bẹ́.