Ẹ bá mi wá ọ̀nà tó dákẹ́ rọ́rọ́ fún kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará. London ni mò ń gbé. Lóṣù Kẹfà tó ń bọ̀, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Newhaven lọ sí Dieppe, ká sì gun kẹ̀kẹ́ gba ìgbèríko dé etí odò Loire.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò ṣòro. Láti ẹ̀bá Dieppe títí dé Forges-les-Eaux, ojú irin àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Lẹ́yìn Forges ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣèèṣì bọ́ sí títì ńlá kan. Tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, atẹ́gùn rẹ̀ gbá mi sínú koríko. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó yéé gbọ̀n lórí búrékì. Ìgbà tí mo yà sí ọ̀nà tóóró kan ni ọkàn mi balẹ̀: koríko hù láàárín ọ̀dà, màlúù ń wò mí láti ẹ̀yìn ọgbà, n ò gbọ́ ju ìró ṣéènì mi lọ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn ín rí, ṣé kí n gba Chartres ni, àbí kí n yà sí apá Perche? Òkè pọ̀ ní Perche, ìyàwó mi ò sì fẹ́ràn òkè rárá. Ṣé ẹ máa ń bu omi mímu lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà ní itẹ́ òkú abúlé? Lọ́jọ́ Ajé tí ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì kì í ṣí ńkọ́, kí lẹ ń jẹ?