Ọ̀la la ń lọ ibi ogun Churchill, ẹ gbà mí o!

Ìyàwó Luton: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá ọkọ mi ń padà sí Ìbàdàn lọ́la, aago mẹ́wàá alẹ́ ni bàálù wọn máa gbéra ní Heathrow. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ láìfojú ara àwọn rí Churchill War Rooms ní Whitehall, abẹ́ ilẹ̀ tí Churchill, olórí ìjọba òyìnbó, sá pamọ́ sí nígbà ogun Hítílà, torí bàbá àwọn lọ jagun ní Bọ́mà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì aago mọ́kànlá àárọ̀. Àpótí méjì ló wà nílẹ̀, pẹ̀lú Ghana-must-go kan, orúnkún sì ń dun màmá. Ṣé wọ́n á jẹ́ ká gbé ẹrù wọlé? Ṣé àtẹ̀gùn pọ̀? Tá a bá pẹ́ ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe òun ló máa wọ́ àpótí.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Àpótí kẹ̀? Ní Whitehall? Ìyàwó, má dán an wò. Wọ́n á yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì síbi tí wọ́n ti ń báni tọ́jú àpótí. Nígbà tí àǹtí mi wá, mo rò pé ẹ̀bẹ̀ á ràn wọ́n. Mo bẹ̀ títí lẹ́bàá Clive Steps, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí mi. La bá wọ́ ẹrù padà sí ibùdókọ̀ Victoria. Owó tí mo fi tọ́jú ẹrù lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich: Ká tó débi àpótí, ìyàwó, tíkẹ́ẹ̀tì ibo lẹ rà? Ẹ wo àdírẹ́sì ara rẹ̀. King Charles Street, SW1A, ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Márùn-ún ni mùsíọ̀mù tí Imperial War Museums ní: abẹ́ ilẹ̀ yìí, Lambeth, ọkọ̀ ojú omi HMS Belfast, Duxford, àti ti Manchester. Èmi kánjú, mo ra ti Duxford. Pápá bàálù ogun ní Cambridgeshire! Ẹnu ọ̀nà Westminster ni mo dúró sí tí mo ń fi fóònù han òyìnbó.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Owó Ìjẹ̀bú sọ nù! Ẹ bá mi kọ déètì ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Bọ̀dá Catford: Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lambeth ni mo kó àwọn àna mi lọ. A rí bàálù, a rí táǹkì, ìyá ìyàwó mi wá bèèrè pé, “Bẹ́ẹ̀dì Churchill ọ̀hún dà?” Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní òdìkejì odò ni. Ibẹ̀ la ti wá gbọ́ pé ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ, Bethlem, ni ilé náà tẹ́lẹ̀ kí mùsíọ̀mù tó kó wọbẹ̀ ní 1936. Bàbá ìyàwó mi, ọmọ Abẹ́òkúta, wò mí látòkè délẹ̀. “O gbé mi gba ọ̀nà jíjìn tó báyìí wá sí Arò òyìnbó.”

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀bi yín ni. Ẹ kì í kàwé.

Bọ̀dá Catford: Ẹ̀bi ẹni tó sọ márùn-ún lórúkọ kan náà ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich: Ẹ ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ìyá Ìbejì tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ìwé wo lẹ̀yin kà lọ́jọ́ yẹn?

Bàbá Tolú, Manchester: Tiwa ní Salford Quays, ọ̀fẹ́ ni. Lambeth náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin sì ń sanwó kẹ́ ẹ tó wọ ihò. London yìí ti gba làákàyè yín.

Àǹtí Síkí, Gravesend: Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Lífíìtì wà, ẹ kàn sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà inú ibẹ̀ ló há, kí màmá má kánjú. Ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọjá yàrá máàpù láìdúró. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ látọdún 1939, àfìgbà tó di August 1945 kí wọ́n tó paná. Ojú ihò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọpa ọkọ̀ ojú omi ṣì kún ara máàpù. Horo ṣúgà mẹ́ta tí ọ̀gá ológun kan fi pamọ́ sínú dúrọ́wà, wọ́n bá a níbẹ̀! Nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín ṣúgà. Ilẹ̀kùn kan wà tó dà bíi ti ṣáláńgá, fóònù tí Churchill fi ń bá Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí.

Bọ̀dá Catford: Ẹ sọ fún màmá pé bàbá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sá pamọ́ o. Kò sùn níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Orí òrùlé ló máa ń gùn lọ wo bọ́ǹbù.

Alàgbà Houston: Abẹ́ ilẹ̀ lẹ̀yin wà, àwa ń lọ sóṣùpá. Yàrá tí wọ́n ti darí Apollo 11 ní 1969 wà níbí, wọ́n tún un ṣe ní 2019, títí dórí àwo eérú sìgá. Mọ́tò yín á sì ríbi páàkì sí.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Òṣùpá lẹ lọ, ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì.

Àdùkẹ́, Leeds: Ọ̀rọ̀ Bọ́mà yìí ló mú mi. Bàbá bàbá mi wà nínú 82nd Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Bọ́mà. Tójò bá ń da Ìsẹ́yìn rú, táwa ń sá wọlé, á jókòó síta, á ní, “Èyí kì í ṣòjò. Ọmọ mi, Bọ́mà lòjò wà.” Mi ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan títí tó fi kú.

Àǹtí Síkí, Gravesend: Ó ga o. Ìyàwó, táyè bá wà, ẹ mú màmá lọ Windrush Square ní Brixton. Òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Caribbean wà níbẹ̀ látọdún 2017. Á ṣe màmá lóore ju bẹ́ẹ̀dì Churchill lọ.

Ìyàwó Luton: Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá ti gbọ́, wọ́n ní Brixton náà làwọn fẹ́. Àpótí yìí ńkọ́ o?

Bàbá Tolú, Manchester: Tí wọ́n bá ti dé Brixton, kí wọ́n ra iṣu. Iṣu Manchester ti di góòlù.

Àdùkẹ́, Leeds: Ẹ ṣì ń ríṣu. Èmi ò jẹ ewédú tútù látìgbà Kérésìmesì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich: Ẹ máa bọ̀ ní Woolwich, ìyá kan wà níbí tó ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Woolwich? Àdùkẹ́, má gbọ́ tiẹ̀. Òun tó ń lọ Duxford.