Adíyelófò alágbàṣe, kì í ṣe aláìṣègbè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, tó ń túmọ̀ ìwé kan lórí iṣẹ́ adójútòfò (insurance), béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe ẹni tí wọ́n ń pè ní independent adjuster l'Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹni tó ń wá wo òfò tó bá ilé, tó sì ń sọ iye tó jẹ́ fún adójútòfò. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnì kan ní "atúnṣe òfò", ẹnì kan ní "olùwádìí òfò", ọ̀pọ̀ yín sì ti ń jó sí "adájọ́ òfò aláìṣègbè". Kíkà ni mo máa ń kà níbí, n kì í sábà dá sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lẹ ń sọ yìí. Ìwé àṣẹ Texas ló wà lọ́wọ́ mi, Houston ni mo fi ṣe ibùdó, àkàbà kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi. "Aláìṣègbè" yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fà tu kó tó hu gbòǹgbò.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Yìnyín rọ̀ ní Garland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, wọ́n sì rán àwa tó wà ní Houston lọ síbẹ̀. Ilé kẹta tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, màmá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ló ni ín. Bó ṣe rí orúkọ mi lórí káàdì tó wà lọ́rùn mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òṣìṣẹ́ àwọn adójútòfò yìí ni ẹ́?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, mo dá dúró ni." Lédè Gẹ̀ẹ́sì, òótọ́ pọ́nbélé ni. Lédè Yorùbá, irọ́ ni mo pa fún un láìmọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ìwọ lo máa bá mi gba owó mi lọ́wọ́ wọn." Ó gbé móínmóín wá. Kí n tó jẹ ẹ́ tán, ó ti mú mi dé ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ó fi àjà tí omi ti sọ di pupa hàn mí, ó ní ó ti tó ọdún méjì tó ti ń jò, ṣùgbọ́n kí n ṣáà bá òun kà á mọ́ ti yìnyín.

Ohun tí mo rí ni mo kọ. Wọ́n sanwó òrùlé, wọn ò sanwó àjà. Nígbà tí màmá pè mí, kò bú mi. Ohun tó sọ kò ju "Ṣebí o ní o dá dúró?" lọ.

Ibi tí wàhálà ọ̀rọ̀ náà wà gan-an nìyẹn. Independent tó wà lára orúkọ iṣẹ́ yìí kò sọ pé oníṣẹ́ náà ò ṣègbè. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí lórí ìwé owó oṣù ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń gbé iṣẹ́ fún un, ilé-iṣẹ́ náà ló ń sanwó fún un, iye tó sì ń gbà lórí ilé kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kó tó jáde nílé: bí òfò bá ṣe tóbi tó ni owó iṣẹ́ ṣe ń gòkè. Ó yẹ kó sọ òótọ́, òfin sì mú un pé kó sọ òótọ́. Àmọ́ gbogbo oníṣẹ́ ni ìyẹn wà fún, a kì í torí ẹ̀ pe dókítà ní "oníṣègùn aláìpurọ́".

Irú adjuster mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù lọ́dọ̀ adójútòfò. Ìkejì ni irú tèmi. Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní public adjuster, onílé fúnra rẹ̀ ló ń gbà á síṣẹ́ kó bá òun jà fún ẹ̀tọ́ òun, ìdá kan nínú owó tí wọ́n bá san ló sì ń mú. Texas ní kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Florida gbà á láyè dé ogún, àfi tó bá jẹ́ àjálù tí gómìnà kéde, ìyẹn mẹ́wàá. Ẹ wò ó dáadáa: ní Texas, ìwé àṣẹ kan náà ni èmi àti olówó oṣù ń lò, tẹni kẹta ló yàtọ̀ pátápátá. Òfin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì wà.

Tóò, ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ti wà nílẹ̀. Adójútòfò: a-dá-ojú-tì-òfò, ẹni tó dójú ti òfò. Ẹni tó kọ́kọ́ rò ó, orí rẹ̀ pé. Adójútòfò ló ń dójú ti òfò, àmọ́ kó tó dójú tì í, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ iye tí òfò náà jẹ́. Díyelé la ń pè é tá a bá fi iye lé nǹkan. A-díyelé-òfò, adíyelófò. Adójútòfò àti adíyelófò, wọ́n bá ara wọn mu lẹ́nu bí ìbejì.

Mo ti mọ ẹni tó máa bá mi jà lórí èyí. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù á ní lọ́dọ̀ àwọn, loss adjuster ni tilé-iṣẹ́, loss assessor ni tonílé, assessor gan-an ló sì jọ adíyelé. Òótọ́ ni. Nàìjíríà náà, tí wọ́n ń gba ìwé àṣẹ lábẹ́ NAICOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò níbẹ̀, loss adjuster lòfin wọn ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí Yorùbá fi gbọ́dọ̀ jogún ìjà adjuster àti assessor. Iṣẹ́ kan náà lọwọ́ àwọn méjèèjì ń ṣe, ibi tí owó wọn ti ń wá ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí adíyelófò dúró fún iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ kejì sọ ẹni tó ń sanwó.

Fún èmi, alágbàṣe. Ẹni tó bá ti gbé oko kòkó rí mọ alágbàṣe. Kì í ṣe ìwọ̀fà, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní àdá tirẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ fún Làmídì lónìí kó ṣe fún Ṣóyínká lọ́la. Ó dá dúró. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i nínú oko tí kò mọ̀ pé oko olóko ló ń ro. Ìtumọ̀ independent tèmi gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò lé, kò dín. Fún public adjuster, alágbàwí. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ onílé wí. Tí mo bá ti sọ fún màmá yẹn pé, "Adíyelófò alágbàṣe ni mí, Màmá, kì í ṣe alágbàwí," mo rò pé ó ṣì máa fún mi ní móínmóín, ṣùgbọ́n kò ní mú mi dé ilé ìwẹ̀.

Alágbàwí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Stonewater Roofing, àwọn tó ń kan òrùlé ní Texas, kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé àwọn lè bá adójútòfò dúnàádúrà lórúkọ onílé. Wọn ò ní ìwé àṣẹ alágbàwí. Òfin sì tún sọ pé ẹni tó máa kan òrùlé ò gbọdọ̀ jẹ́ alágbàwí lórí òrùlé kan náà, ìwé àṣẹ ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ pé ẹ̀tọ́ àwọn láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lójú. Ní oṣù kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas dá a pé rárá, iṣẹ́ tí èèyàn ń gbà ṣe fún ẹlòmíì lòfin náà ń dí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ẹ wá rí i pé gbígbàwí gan-an ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé.

"Atúnṣe" ò lè ṣeé ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ atúnṣe á máa retí òòlù lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ẹfun ìkọ̀wé. Tí mo bá gun òrùlé tí yìnyín lù, mo máa fi ẹfun fa igun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí òrùlé kọjú sí. Màá wá ka ojú yìnyín tó wà nínú rẹ̀, màá fa òbìrí yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ojú yìnyín tòótọ́ máa ń dẹ̀ tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí ibi tí máńgòrò fi gbálẹ̀ nígbà tó já bọ́. Èyí tí oòrùn gbẹ tó sán kì í dẹ̀. Látibẹ̀, ìṣirò ló kù. Ká ní òrùlé tuntun máa ná wọn ní 18,000 dọ́là, ọgbọ̀n ọdún ló yẹ kó lò, ó ti lo mẹ́wàá. A máa yọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, 6,000, ìyẹn ni mo ń pè ní owó ogbó. Wọ́n dójú tòfò ilé náà ní 250,000, onílé sì ti gbà pé òun á máa fi orí ara òun gbé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí yìnyín bá rọ̀, 5,000 nìyẹn. Ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ á jẹ́ 7,000. Tó bá kan òrùlé tán, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń san owó tuntun, wọ́n á dá 6,000 ti ogbó yẹn padà fún un. Kò síbi tí mo ti tún nǹkan kan ṣe nínú gbogbo èyí. Mo fi iye lé òfò.

"Olùwádìí" ní tirẹ̀, àwọn tó ń tọpa ẹni tó dáná sun ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ló ni ín.

Àbúrò wa tó fi "wòfòwòfò" ṣe àwàdà, lórí àpẹẹrẹ wolé-wolé àti panápaná, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo rántí bí ìyá mi ṣe ń sáré da omi ìkòkò nù tí wọ́n bá ní wolé-wolé ti wọ àdúgbò. Bí àwọn ará ilé bá máa pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, mo gbà. Àmọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé.

Ohun kan tún wà nínú ìwé tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́: "ìwé ẹ̀rí" ni wọ́n pe license níbi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé àṣẹ ni. Mo gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn tí mo jókòó kẹ́kọ̀ọ́ fún ogójì wákàtí tí mo sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ò fún mi láṣẹ láti fọwọ́ kan òrùlé ẹnikẹ́ni. Ó di ìgbà tí mo tẹ̀ka, tí Texas Department of Insurance yẹ orúkọ mi wò, kí àṣẹ tó jáde. Ní ọdún méjì-méjì, mo gbọ́dọ̀ tún kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣẹ á kú, ìwé ẹ̀rí ò ní kú. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà, bíi Colorado, Illinois àti Ohio, tí kì í fún alágbàṣe níwèé àṣẹ rárá. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń mú Texas tàbí Florida bí ilé, wọ́n á fi àṣẹ ibẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ míì. Designated home state ni wọ́n ń pè é. Èmi máa ní ìpínlẹ̀ alágbàtọ́, kí alágbàṣe àti alágbàwí lè ní àbúrò. Omíyalé tún yàtọ̀: tó bá jẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọ lọ́tọ̀, ìwé àṣẹ Texas ò tó.

Kí n má gbàgbé, "owó gbà-má-bìínú" tí wọ́n fi túmọ̀ claim, ohun tí onílé ń béèrè lọ́wọ́ adójútòfò lẹ́yìn òfò, náà ò bá mi lára mu. Ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ló ń fún ọ ní gbà-má-bìínú. Adójútòfò ò ṣẹ̀ ẹ́, àdéhùn ló ń san. "Ìbéèrè ẹ̀tọ́" sàn jù.

Mo ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo pe bàbá kan ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, kí n tó lọ wo òrùlé rẹ̀, ará Ọ̀yọ́ ni. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Adíyelófò alágbàṣe ni mí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Alágbàṣe ta ni?" Mo ní ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọn ni. Ó ní, "Ó dáa. Máa bọ̀. Èmi náà á gbé àga síta, n óò máa wò ẹ́."