Ọmọ mi ń sunkún nítorí àlọ́ nọ́ńbà: báwo ni mo ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láì sọ ìdáhùn fún un?

Ìyá Tọ́lání, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Tọ́lání ọmọ mi pé ọdún méje lóṣù tó kọjá, pírámárì kejì ló wà. Kò burú nínú ìṣirò rárá. Bí ẹ bá bi í pé 8 àti 5 jẹ́ mélòó, á ti pe 13 kí ẹ tó panu dé. Tábù méjì, tábù márùn-ún àti tábù mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀ lórí.

Tíṣà tuntun kan dé sí kíláàsì wọn ní táàmù yìí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fún wọn ní àlọ́ nọ́ńbà kan gbé wálé. Ti àkọ́kọ́ rí báyìí: ilé mẹ́sàn-án ni wọ́n yà sínú ìwé, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Kí ọmọ fi nọ́ńbà 1 dé 9 sínú wọn, kó má lo ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ìlà sì jẹ́ 15, ní ìbú, ní òòró, títí kan èyí tó lọ láti igun dé igun. Ọmọ náà kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́, títí ìwé fi ya. Ló bá bú sẹ́kún. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo wá ìdáhùn lórí fóònù, mo ní kó dà á kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà rí i pé ó gbà á. Ó wá bi í níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Ọmọ mi ò rí nǹkan kan sọ. Látìgbà náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti ń sún mọ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Mo mọ̀ pé èmi ni mo kó o sí i, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ṣé irú àlọ́ yìí ń ṣe ọmọ ọdún méje láǹfààní ju tábù àti ìṣirò inú ìwé lọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo lè ṣe tí mi ò fi ní máa fi ìdáhùn lé e lọ́wọ́? Ṣé Yorùbá ni kí n fi máa ṣàlàyé ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tọ́lání. Ní tèmi o, tábù ni ìpìlẹ̀. Tábù la kà láàárọ̀, tábù la kà lọ́sàn-án nígbà tiwa, a sì mọ ìṣirò. Ẹ lọ bá tíṣà náà sọ̀rọ̀ pé ọmọ kékeré ni, kó fi nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀ di pírámárì karùn-ún.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kìíní àti ìkejì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní kí ọmọ má mọ tábù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá há tábù sórí lásán, lọ́jọ́ tó bá gbàgbé 7 lọ́nà 6, ó parí nìyẹn, kò mọ ibi tó máa gbà débẹ̀. Èyí tí àlọ́ ti bá jìjàkadì á ní, "Mo ṣáà mọ̀ pé 7 lọ́nà 5 jẹ́ 35, kí n fi 7 kan sí i."

Ìyá Tọ́lání, àlọ́ ilé mẹ́sàn-án yẹn dára, àmọ́ ó tóbi fún ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́ márùn-ún, kí ẹ kọ 1, 2, 3, 4 àti 5 sí wọn lára. Ẹ tò wọ́n bí àgbélébùú: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí ọmọ wá bí mẹ́ta tó wà ní òòró àti mẹ́ta tó wà ní ìbú yóò ṣe jẹ́ iye kan náà.

Ẹ má fojú kékeré wo páálí yẹn o. Pípa á rẹ́ léraléra ló mú ọmọ yín sunkún lọ́jọ́sí. Ọmọ tó bá ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́, gbogbo àṣìṣe ẹ̀ ló ń wò ó lójú láti inú ìwé. Tó bá jẹ́ páálí ló ń tì kiri, eré ló kà á sí.

Ó máa rí ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kọ́kọ́ fi 3 sáàárín, tí 1 àti 5 á kojú ara wọn, tí 2 àti 4 á kojú ara wọn, tí gbogbo ẹ̀ á wá jẹ́ 9. Ẹ má tíì kó páálí nílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ bi í pé, "Ṣé ọ̀nà mìíràn ò sí?" Á rí i pé 1 lè jókòó sáàárín, 8 nìyẹn. 5 náà lè jókòó sáàárín, 10 nìyẹn. Àmọ́ 2 ò ní gbà, 4 ò ní gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó bá a fà á títí, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín pé kò lè ṣeé ṣe. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wá béèrè pé, "Kí ló dé?"

Mo ti rí ọmọ ọdún méje tó dáhùn ìbéèrè yẹn, inú mi sì dùn títí di òní tí mo bá rántí. Ẹ ka ẹ̀wà 15 sílẹ̀, torí pé 1 dé 5 lápapọ̀, 15 ni. Tí 2 bá jókòó láàárín, ó ku 13. Ẹ̀wà 13 yìí gbọ́dọ̀ pín sápá méjì dọ́gba, kò sì lè pín, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù. Tí 4 bá jókòó, ó ku 11, bákan náà ló rí. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ pín in, kó rí ẹyọ kan yẹn lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Tó bá sú u, ẹ kó páálí sínú ápòòwé, ó di ọ̀la. Àlọ́ ò ní bàjẹ́ mọ́jú.

Ní ti èdè, ẹ fi Yorùbá ṣe é, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀.

Àdùkẹ́, London

Ẹ ṣeun mà, Tíṣà Àgbà. Níbí tí a wà, irú iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ láti kékeré. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ NRICH, ti Yunifásítì Cambridge, ọ̀fẹ́ ni, ó kún fún irú àlọ́ báyìí. Ibẹ̀ lèmi ti ń mú tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mọ́ ọmọkùnrin mi jù, kì í sì í ṣe láti orí ìkànnì kankan. Mo ń kọ́ ọ ní kíkà lédè wa. A kà á dé mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, ó ń gbádùn ẹ̀, torí ó ti rí i pé ńṣe là ń fi lé mẹ́wàá. Bá a ṣe dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dúró. Ó ní, "Mummy, kí ló dé tó yí padà?" Mo ní kó lọ wá a. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ dé ọgbọ̀n, ọjọ́ méjì ló gbà á. Ó wá sáré wá bá mi nínú kíṣìnnì: láti 15 lọ, à ń yọ kúrò lára ogún ni! Mẹ́rìndínlógún, ogún tí mẹ́rin dín nínú ẹ̀. Àti pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní 25, a yí padà sí ọgbọ̀n tí à ń yọ.

Mo wá bi í pé, báwo ló ṣe máa pe 36, èyí tí mi ò tíì kọ́ ọ? Ó ronú, ó ní mẹ́rìndínlógójì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo gbá a mọ́ra. A ti wá dé orí àádọ́ta báyìí, tí í ṣe ọgọ́ta tí mẹ́wàá dín nínú ẹ̀. Ó ń wá àwọn mìíràn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti rí 70.

Ìyá Aláṣọ, Gbági

Ọjà làwọn ọmọ tèmi ti kọ́ ọ. Ẹ fún ọmọ ní ìbéèrè yìí: mo fẹ́ san ₦500, owó ₦100 àti ₦200 nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pọ̀ dáadáa. Ọ̀nà mélòó ni mo lè gbà san án? Mẹ́ta ni, á tètè rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ₦50 kún un. Ó di 12 nìyẹn. Ọmọ tí kò bá tò ó létòlétò á gbàgbé òmíràn, á tún ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ fún ọmọ mi pé, "Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò ní ₦200 kankan, kó o tó bọ́ sórí èyí tó ní ẹyọ kan." Látìgbà yẹn, tó bá ń ṣírò ṣéńjì fún oníbàárà, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Ayò ńkọ́? Ilé 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Kí ọmọ tó bu ilé kan, ẹ bi í pé ibo ni èyí tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí. Kó sọ ọ́ kó tó ta á. Ìyẹn nìkan tó fún oṣù kan.

Bàbá Ìbejì

Tíṣà Àgbà, mo ti gé páálí fún àwọn ìbejì lálẹ́ àná. Kẹ́hìndé ní 2 ò lè wà láàárín láéláé. Táíwò ní Kẹ́hìndé ò tíì wò ó dáadáa ni. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n sùn lé. Mo ṣì ń sọ pé kí ọmọ mọ tábù o, àmọ́ mi ò rí wọn kí wọ́n bá ara wọn jà lórí ìṣirò rí.

Ìyá Tọ́lání, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ bá tíṣà náà lọ́jọ́rú, mo sọ òótọ́ fún un pé èmi ni mo wá ìdáhùn yẹn, kì í ṣe ọmọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì pe Tọ́lání sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tù ú nínú.

Lọ́jọ́ Sátidé, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a gé páálí. Ó rí ti 3 láàárín kí omi ẹ̀kọ mi tó hó. Mo béèrè ọ̀nà mìíràn. Ó rí ti 5, ó rí ti 1. Nígbà tó dé orí 2, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹnu ń yún mi láti sọ̀rọ̀, mo bá lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí mo dé, ó ti da ẹ̀wà sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹyọ kan ń dà á rú."

Ó ti wá ní òun fẹ́ padà sórí ilé mẹ́sàn-án yẹn báyìí. Tíṣà Àgbà, báwo ni kí n ṣe é tí mi ò fi ní bà á jẹ́?

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta

"Ẹyọ kan ń dà á rú!" Ẹ bá mi kí i.

Ẹ má tíì ya ilé kankan. Ẹ ní kó kọ́kọ́ wá gbogbo nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta, láti 1 dé 9, tó jẹ́ 15 lápapọ̀: 1, 5 àti 9 jẹ́ ọ̀kan. Mẹ́jọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má sọ iye wọn fún un. Tó bá rí gbogbo wọn, ẹ ní kó ka ìlà tó wà nínú àwòrán náà, pẹ̀lú ti igun sí igun. Mẹ́jọ náà ni. Lẹ́yìn náà, kó wo ilé àárín: ìlà mẹ́rin ló gba ibẹ̀ kọjá. Nọ́ńbà wo ló wà nínú mẹ́rin lára àwọn tó tò? Ọ̀kan ṣoṣo ni, òun ló ni àárín. Igun kọ̀ọ̀kan wà nínú ìlà mẹ́ta, kó wá àwọn tó yọjú lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó kù á wá àyè ara wọn.

Ìyá Tọ́lání, Ìbàdàn

A ti rí méje. Mo ní ṣé kí n ràn án lọ́wọ́ lórí èyí tó kù, ó fọwọ́ bo ìwé, ó ní kí n má sọ ọ́.