Ojú tábìlì aláwòrán igi tó tẹ̀ wọnú: ṣé ayọ́ọ̀nù lè gbé e dìde?

Ará Ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkòròdú ni mo ń gbé. Nígbà tí à ń kó ẹrù wọ ilé tuntun, tábìlì tẹlifíṣọ̀n wa fara gbá ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì fi ibi méjì gbọgbẹ́. Ọ̀kan wà lójú rẹ̀ lókè: kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ, ó kàn tẹ̀ wọnú ni, awọ rẹ̀ kò ya. Èkejì wà ní etí. Awọ ibẹ̀ ti ṣí, mo sì ń rí ohun kan nínú rẹ̀ tó jọ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n kì pọ̀. Àbúrò ọkọ mi ní kí n fi aṣọ tútù lé e, kí n sì fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tún àga bàbá wọn ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó tọ̀nà?

Káfíńtà Sábó:
Ẹ kú làálàá ẹrù kíkó, mà. Ẹ má gbé ayọ́ọ̀nù sún mọ́ tábìlì yẹn rárá. Àbúrò ọkọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n pákó gidi ni ohun tó sọ wà fún. Bí nǹkan bá tẹ ìrókò tàbí ọ̀gánwó, okùn inú igi náà kàn fún pọ̀ ni, kò já, nítorí náà bí omi àti ooru bá wọ̀ ọ́, á wú padà sí ààyè rẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe tiyín, MDF ni, ìyẹn igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ di pátákó, kí wọ́n tó fi bébà aláwòrán igi tí wọ́n rẹ sínú melamine (irú gọ́ọ̀mù kan tó máa ń le), tàbí awọ ike PVC fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bò ó lójú. Bí omi bá wọ MDF, á wú, kì í sì í padà sípò bó tilẹ̀ gbẹ. Ooru ní tirẹ̀ lè tú gọ́ọ̀mù tó di awọ PVC mú, kí awọ náà sì sún kì.

Ẹni tó bá fẹ́ dá èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ̀, kó wo etí rẹ̀. Lára pákó gidi, ìlà igi tó wà lójú máa ń bá a dé etí. Lára aláwòrán, ẹ lè rí kókó igi kan náà gan-an ní ibi méjì lórí pátákó kan ṣoṣo.

Èyí tí awọ rẹ̀ kò ya, bó bá jẹ́ tèmi, n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí awọ náà ṣì ń dáàbò bo inú.

Atúnga Ẹ̀pẹ́:
Òótọ́ ni káfíńtà sọ lórí ayọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá ń bà á, tí ojú kò lè fò ó, ìda líle tí wọ́n ṣe fún àtúnṣe pákó ló yẹ ẹ́. Ẹ ra àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí kò sí àwòrán igi tó ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ nu ibẹ̀ kí ọ̀rá kúrò, kí ẹ sì fi ẹnu abẹ ha inú kòtò náà díẹ̀, torí ìda kì í di ibi tó ń dán mú. Ẹ yọ́ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sí i ná, kí ẹ wá fi èyí tó dúdú fa ìlà lé e. Irin kékeré oníbátìrì ni a fi ń yọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀bẹ, kó má fi iná àbẹ́là mú un gbóná, torí èéfín rẹ̀ á ba àwọ̀ ìda jẹ́. Ẹ jẹ́ kó ga ju ojú tábìlì lọ díẹ̀, bó bá tutù, ẹ fi etí káàdì ATM àtijọ́ gbá a kúrò títí á fi dọ́gba. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sánpépà kàn án: bó bá ti ha àwòrán igi náà kúrò, kò sí ohun tó lè dá a padà.

Ará Ìgbógbó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ìda náà lè ṣiṣẹ́ ní etí? Àwọn ọmọ máa ń fara gbá ibẹ̀.

Káfíńtà Sábó:
Rárá, mà, bí nǹkan bá kàn án, á ré bọ́. Etí yìí ló ká mi lára jù, nítorí afẹ́fẹ́ wa létí ọ̀sà lọ́rinrin, omi tí ẹ fi ń nu ilẹ̀ sì lè ta sí i. Ẹ fi abẹ tó mú gé awọ tó ṣí sókè kúrò. Ẹ má fà á, kó má bàa ya dé ibi tó dára. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ kán súpà gúlù tó ṣàn sí MDF náà, á mu ún, á sì le. Bó bá gbẹ, ẹ lẹ tépù mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi body filler tí àwọn panẹ́lì bítà ń lò rọ́ ọ títí etí yóò fi gún. Ibẹ̀ nìkan ni sánpépà ti láyè, èyí tó kúnná, tí ẹ wé mọ́ pákó kékeré, kí tépù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀dà acrylic kùn ún, kí fáníìṣì tí dídán rẹ̀ bá ti tábìlì mu sì tẹ̀lé e. Bí ẹ kò bá ráyè ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ṣáà fi tépù bo ibi tó ṣí náà lónìí.