Anole (irú alángbá kan) aláwọ̀ ewé yìí, èwo nínú wọn gan-an ni?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo ya fọ́tò alángbá aláwọ̀ ewé kan ní Miami, ní Florida, awọ abẹ́ ọrùn ẹ̀ píǹkì, kó tó pẹ́ ó ti di búráùn. Ṣé Anolis carolinensis ni àbí porcatus ti Kúbà?

Ìdáhùn 1: Tó bá jẹ́ Miami, fọ́tò nìkan ò lè yanjú ẹ̀ o. Carolinensis ló ni ilẹ̀ yẹn, láti Texas dé North Carolina, àmọ́ porcatus ti wọ Florida, wọ́n sì ti ń bímọ pọ̀, DNA ló lè yà wọ́n. Àwọ̀ tó ń yí yẹn, gbogbo wọn ló ń ṣe é.

Ìdáhùn 2: Ibi tẹ́ ẹ ti rí i ló ṣe pàtàkì jù. Ní Bàhámà, irú anole tó ń jẹ́ smaragdinus ni, ní erékùṣù Little Cayman, maynardi, ẹnu tiẹ̀ gùn ṣọọrọ. Allisoni, irú anole mìíràn, lèmi fẹ́ràn jù, orí akọ ẹ̀ búlúù títí dé àyà, ó rẹwà gan-an! Ẹ wo ẹ̀yìn ihò etí allisoni, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀.

Ẹ ṣé gan-an, mo ti fẹ fọ́tò yẹn lójú, kò sí kòtò kankan lẹ́yìn etí ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe allisoni nìyẹn.